Owó Tó Kù Lẹ́yìn Ìwé Gbélé-ẹ

Ní ọdún 1974, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon, Nàìjíríà ṣe òfin òṣìṣẹ́ kan tó ka iye ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sọ fún òṣìṣẹ́ kó tó dá a dúró. Ọdún kejì rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Mohammed gba ìjọba, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ilé iṣẹ́ ìjọba yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá a lọ lé ní 10,000. Orí rédíò ni àwọn kan ti gbọ́ orúkọ ara wọn, wọn kò sì tíì pa rédíò náà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Òfin 1974 kọ́ ló bo àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tó wà lára wọn. Ìwé òfin tiwọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà gbin nǹkan kan sọ́kàn àwọn èèyàn tí kò tíì kúrò níbẹ̀ dòní: pé bí ọ̀gá bá ti ní kí èèyàn máa lọ, ó parí náà nìyẹn, kí onítọ̀hún kó ẹrù rẹ̀ kó sì máa dúpẹ́ pé wọn ò fi ọlọ́pàá mú òun. Èrò yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ bá jà. Iṣẹ́ lè tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ gbèsè tó wà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kì í bá a tán lọ́jọ́ náà. Owó ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́, owó nótíìsì, owó ìsinmi tí kò tíì lọ, gbèsè ni gbogbo wọn. Ọ̀gá tó bá san án kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Orúkọ tí òfin 1974 náà ń jẹ́ báyìí ni Labour Act, ó sì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004. Abala 11 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa nótíìsì. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ 1 péré ló ní. Bó bá ti lé ní oṣù 3, ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1 ni. Ẹni tó ti pé ọdún 2, tí kò sì tíì pé ọdún 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tó bá pé ọdún 5 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 1. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Kí ọ̀gá pe èèyàn sí kọ̀rọ̀ kó sọ ọ́ lẹ́nu kò tó.

Oṣù kan yẹn ni òpin rẹ̀. Awakọ̀ tó lo ọdún 5 àti awakọ̀ tó lo 30 ọdún, tí irun rẹ̀ ti funfun nídìí mọ́tò ilé iṣẹ́ kan náà, oṣù kan ni òfin bù fún àwọn méjèèjì. Ìwà ìkà gbáà ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Kìkì pé iye tí òfin kà sílẹ̀ yìí ni èyí tó kéré jù. Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ lè fún òṣìṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Kò lè fún un ní ohun tó dín sí ti òfin.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù ni òfin náà pè ní òṣìṣẹ́. Abala 91 ní àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni òun ń sọ. Ó yọ àwọn tó ń darí iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì yọ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ bí amòfin, ẹnjiníà àti oníṣirò owó. Èyí túmọ̀ sí pé máníjà báńkì tó wọ táì ní Marina ní Èkó lè wà lábẹ́ ààbò tó fẹ́lẹ́ ju ti ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì báńkì náà lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé máníjà kò ju lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé ìlànà tí ilé iṣẹ́ fún un lọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá sọ ohunkóhun nípa nótíìsì, ilé ẹjọ́ ni yóò wo ipò rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń san owó rẹ̀, tí yóò fi sọ iye àkókò tó bójú mu.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Nínú iṣẹ́ aládàáni, òfin àtijọ́ tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè ìdí lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Bó bá wù ú, kó sọ; bí kò wù ú, kó dákẹ́. Bó bá sọ ọ́ ṣá, ó di dandan kó lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ ní kóòtù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà fi máa ń sọ pé “a kò nílò iṣẹ́ rẹ mọ́” tí wọn yóò sì dúró síbẹ̀. Ohun tí òfin kò yọ̀ǹda fún un ni pé kó lé èèyàn láìfún un ní nótíìsì tàbí láìsanwó rẹ̀. Ní kúkúrú, nótíìsì ni iye tí ọ̀gá ń san kó tó lè dá òṣìṣẹ́ dúró fàlàlà. Bí iye náà bá pọ̀, yóò rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ sí ìwé gbélé-ẹ. Bó bá kéré, bí ìbínú bá ti gun orí ọ̀gá, ó ti di lílé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ẹjọ́ fi dúró lórí pé, bí wọ́n bá tilẹ̀ dá òṣìṣẹ́ aládàáni dúró lọ́nà tí kò bá àdéhùn mu, kò ní rí ju owó nótíìsì lọ gbà. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ sọ pé oṣù kan, tó wá lo ọdún méje ní kóòtù, owó oṣù kan náà ló máa gbé lọ sílé, bóyá pẹ̀lú èlé díẹ̀. Iṣẹ́ tí òfin fúnra rẹ̀ gbé ró nìkan ló yàtọ̀. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey àti àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé a kò lè dédé fẹ̀yìn òṣìṣẹ́ ìjọba tì bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló jẹ́. Nígbà tó di 1985, Yunifásítì Èkó náà gbọ́ irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ Olaniyan: olùkọ́ tí òfin yunifásítì dáàbò bò, owó nótíìsì nìkan kò tó láti fi yọ ọ́, ìlànà òfin ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àwọn tó kù, tí wọ́n pọ̀ jù, kò rí irú àǹfààní yìí títí di oṣù kẹta ọdún 2011. Ìgbà náà ni àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà fún ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní agbára tí kóòtù mìíràn kò ní lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó sì ní kó máa wo ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ohun tí ayé ń ṣe níbòmíràn. Láti ìgbà náà ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ ti ń bi agbanisíṣẹ́ léèrè ìdí. Ní 2020, nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Sahara Energy, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́mílọ́rùn fọwọ́ sí i pé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lè fún ẹni tí wọ́n dá dúró lọ́nà àìtọ́ ní owó tó ju ti nótíìsì lọ fíìfíì. Gbogbo adájọ́ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ má ti torí ẹ̀ lọ yáwó.

Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ dúró lo nótíìsì rẹ̀, òfin gbà á láyè kó sanwó rẹ̀. Ibí ni ìṣirò ti ń dani láàmú. Abala 11 ní owó gan-an tí wọ́n ń pè ní basic ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀. Owó àfikún iṣẹ́ àti àwọn àjẹmọ́nú kò sí níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí dájú. Ìdí nìyẹn tí ìwé owó oṣù fi máa ń dà bí àkàrà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́: owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó aṣọ iṣẹ́, basic á wá kéré jọjọ. Ẹni tó ń gba N200,000 lè rí i pé N60,000 péré ni basic rẹ̀, tí kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fún un ní lẹ́tà. Ilé ẹjọ́ sì ti sọ ọ́ pé ìlérí inú lẹ́tà kò tó, pé ọjọ́ tí wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró ló yẹ kí owó nótíìsì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. “Máa padà wá wò ó lóṣù tó ń bọ̀” kì í ṣe owó.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ló tún kàn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní líìfù. Abala 18 ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́ dúró yóò gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní kíkún. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, títí kan ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, jẹ́ 12. Ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọdún kan! Ẹni tó bá fẹ́ lọ sin òbí nílé, tí ilé rẹ̀ jìnnà díẹ̀, yóò ti lo ìdajì rẹ̀ kó tó ṣe ìsìnkú tán. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti ìjọba ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ní ilé búrẹ́dì, nídìí ẹ̀rọ ìlọgi, ọjọ́ mẹ́fà náà gan-an àlá lásán ni fún àwọn mìíràn.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú abala yìí ni bó ṣe yí padà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tán. Níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, òfin kò fàyè gba ọ̀gá láti fi owó gba líìfù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí lòdì sí ohun tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń ṣe lójúmọmọ, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń ta líìfù rẹ̀ lóṣù Kejìlá kó lè ra ìrẹsì ọdún. Ara ni òfin rò, kò rò ti àpò: ó fẹ́ kí èèyàn sinmi ní ti gidi. Wọ́n lè jọ fẹnu kò láti sún ìsinmi náà síwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 24. Bí iṣẹ́ bá wá tán, tí kò sí ìsinmi kankan tí èèyàn tún lè lọ, ìsinmi náà di owó. Ẹni tó bá ti lo oṣù 6, tí kò tíì pé 12, tàbí tó ti lo oṣù 6 ó kéré tán láti ìgbà tí ìsinmi tó kẹ́yìn ti tọ́ sí i, yóò gba ìpín tirẹ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ kan, bí oṣù tó lò bá ṣe pọ̀ tó nínú méjìlá.

Níbí, owó kíkún ni òfin sọ, kò sọ ti basic. Òfin náà kò sì yọ ẹni tí wọ́n lé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jalè ní ilé ìkẹ́rùsí lè pàdánù nótíìsì, torí òfin gbà pé ìwà burúkú tó bá le lè fòpin sí àdéhùn lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó mú un, ó ṣiṣẹ́ ẹ; ìpín ìsinmi rẹ̀, ó ti kó o jọ. Ọ̀gá tó ń bínú kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi owó yìí mú fún owó líìfù tí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń san nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ sí ìsinmi. Àdéhùn ló bí ìyẹn, òfin ló bí èyí. Àwọn HR kan, ìyẹn àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́, sì wà tó máa ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ lo líìfù tó kù fún un láàárín nótíìsì rẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ lè parí pọ̀. Gbèsè méjì ni nótíìsì àti ìsinmi. Bí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ kò bá sọ pé ọ̀kan lè gbé èkejì mì, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Ó yẹ kí a fi owó díwọ̀n rẹ̀ wò. Ká sọ pé obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìtẹ̀wé kan, ó ń gba N90,000 lóṣù: basic N45,000, owó ọkọ̀ N25,000, owó oúnjẹ N20,000. Ó ti lo ọdún 5 àti oṣù 8. Ó lọ sí ìsinmi tó kẹ́yìn nígbà tó pé ọdún 5. Wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀ ní ìparí oṣù, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó oṣù yẹn. Lójú òfin, nótíìsì oṣù 1 ló ní, èyí tó jẹ́ N45,000. Owó ọ̀sẹ̀ kan rẹ̀ ní kíkún, tí a bá fi ọ̀sẹ̀ 52 pín owó ọdún rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi N20,769. Ìpín oṣù 8 nínú 12 níbẹ̀ jẹ́ N13,846. Àpapọ̀ rẹ̀, N58,846. Ká wá sọ pé lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ sọ pé owó oṣù kíkún ni nótíìsì, pé ìsinmi ọdọọdún sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 15. Ọjọ́ 10 ló kù fún un nìyẹn; bí ọjọ́ iṣẹ́ 22 bá wà nínú oṣù, ìsinmi náà di N40,909, àpapọ̀ sì di N130,909. Obìnrin kan náà, àga kan náà, ọ̀gá kan náà. Ohun tó fi lé ní N72,000 ya ara wọn ni gbólóhùn méjì nínú lẹ́tà tí kò kà dáadáa lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ríṣẹ́.

Àwọn tí kò ní lẹ́tà rárá ńkọ́? Ní Àgbárá, ní Ọ̀tà, ní Ìkọ̀rodù àti ní Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bíi kásúà, tí wọ́n ń gbowó ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Wọ́n gbà pé bí ìwé kò bá sí, ẹ̀tọ́ kò sí. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn iṣẹ́ lè jẹ́ ti ẹnu tàbí ti ìwé. Èyí tí ìṣe àwọn méjèèjì bá fi hàn náà, àdéhùn ni. Abala 7 tilẹ̀ pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ àlàyé iṣẹ́ náà fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ ẹni tó gbà á, iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀, ìsinmi rẹ̀ àti nótíìsì tí yóò fòpin sí i. Ọ̀gá tí kò kọ ọ́ ló rú òfin, kì í ṣe ẹni tí kò rí i gbà.

Aláboyún tún wà. Obìnrin tó bá mú ìwé dókítà wá lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ tọ́ sí i ní gbogbo àkókò náà. Agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fún un ní nótíìsì nígbà tó wà nílé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fún un ní èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò pé láàárín ìgbà yẹn.

Gbèsè nótíìsì kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ tó bá ríṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọn kò sì rí i mọ́ ní ọjọ́ Ajé, ló jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní nótíìsì. Ọ̀gá lè béèrè owó nótíìsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́ ni kó kọ lẹ́tà, kó fi ọjọ́ sí i, kó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù pé àwọn ti rí i. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà bá ti tẹ ọ̀gá lọ́wọ́ ni ó ti múlẹ̀. Kò nílò kí ọ̀gá “gbà á” kó tó ṣiṣẹ́. Èyí wúlò fún àwọn tí ọ̀gá wọn máa ń sọ pé “mi ò tíì fún ẹ láyè láti lọ”.

Ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe ẹnì kan ni wọ́n dá dúró, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń palẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí àwọn báńkì ń dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ, Chris Ngige tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ nígbà náà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Abala 20 ló ń bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wí: agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ pọ̀ jù fún gbọ́dọ̀ sọ ìdí àti iye ẹni tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ àti ìjáfáfá kò bá ní kó rí bẹ́ẹ̀, kó sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí wọn yóò gbà. Òfin kò dárúkọ iye kankan. Níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ti lágbára, owó náà máa ń nípọn. Níbi tí ẹgbẹ́ kò bá sí, ìkíni “ẹ ṣé, ó dàbọ̀” ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways mọ ohun tí ìdúróde owó ìkẹyìn ń ṣe sí ẹ̀dá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà kógbá sílé ní 2003. Títí di 2018, ìjọba ṣì ń san apá kan gbèsè wọn, àwọn tó kú ṣáájú ìgbà náà kò sì kéré. Àwọn àgbàlagbà tó ti fi ọkọ̀ òfuurufú kárí ayé wá ń tò sórí ìlà ìyẹ̀wò pẹ̀lú igi ìtilẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì dá dúró ní tirẹ̀, kò sí ọ̀gá tó lè fi dí owó nótíìsì. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ọ̀gá dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọdún 50, tí oṣù 4 sì kọjá láìríṣẹ́ mìíràn, lè béèrè fún ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà ní àkáǹtì rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà ṣe há tó, èèyàn yóò mọ̀ ọ́n bó bá wo àwọn Yorùbá tó wà lábẹ́ òfin ibòmíràn. Òṣìṣẹ́ ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́, lábẹ́ òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ ti 1998, ń kó ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 2 jọ lóṣooṣù. 24 nìyẹn lọ́dún, ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó wà ní Ìmẹ̀kọ lódìkejì ẹnubodè, tí wọ́n sì jọ ń kí ara wọn ní èdè kan náà. Ní Brítéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, òfin 1996 fún ẹni tó ti pé ọdún 2 ní ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan títí dé ọ̀sẹ̀ 12, ìsinmi ọdọọdún sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5.6. Èyí tí èèyàn kò bá lò nínú ti ọdún tó wà nínú rẹ̀, wọn yóò san án lówó lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lé e ni. Àwọn kan tí ìwé ìgbélùú wọn so mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo máa ń rò pé bí wọ́n bá béèrè owó yìí, ìwé wọn yóò bàjẹ́. Ẹ̀tọ́ sí owó yìí kò sí lára ohun tí físà lè gbà lọ́wọ́ wọn.

Nàìjíríà ti fi ìjìyà sínú òfin tirẹ̀ náà. Agbanisíṣẹ́ tó bá rú àwọn abala wọ̀nyí lè san ìtanràn tí kò ju N800 lọ. Bó bá tún un ṣe, N1,500. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Udoji, tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí owó òṣìṣẹ́ ìjọba, parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1974, owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nísàlẹ̀ pátápátá di N720 lọ́dún kan gbáko, nítorí náà N800 nígbà náà lè mú kí ọ̀gá làágùn. Owó oṣù tó kéré jù ti di N70,000 láti oṣù keje ọdún 2024. N800 kò ra búrẹ́dì ńlá kan mọ́.

Ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń bẹ̀rù báyìí ni ìwé ìpẹ̀jọ́ láti ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, tó ń jókòó ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, láàárín àwọn ìlú mìíràn. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè pe ọ̀gá sí tábìlì. Ní Èkó, Citizens’ Mediation Centre máa ń parí irú ìjà yìí láìgba kọ́bọ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé “mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi pátá”, kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò tirẹ̀, torí ilé ẹjọ́ ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni nínú ẹjọ́ bíi mélòó kan pé ẹni tó bá ti gba owó ìkẹyìn rẹ̀ láìjanpata ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Bó bá fẹ́ gba èyí tó wà nílẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá kan lòun gbà, kó sì kọ iye tó kù. Ìwé owó oṣù, ìsọfúnni báńkì, káàdì ìdánimọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀gànjọ́ òru pé kó má wá lọ́la: ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Kó ya fọ́tò wọn sínú fóònù ara rẹ̀ nígbà tó ṣì ń wọlé, torí wọ́n máa ń gba káàdì lẹ́nu géètì, wọ́n sì máa ń ti ímeèlì ilé iṣẹ́ kí lẹ́tà tó jáde.